Ọmọ Tí Kò Lè Wà Láìsí Bàbá

Bí ẹ bá bi Ẹnjiníà Lékè léèrè ibi tó ń gbé, Toronto ni yóò sọ. Irọ́ gbuu! Bramalea, lẹ́yìn odi Toronto, ló ń gbé, nínú ilé alájà kan tí ilé ìkẹ́rùsí wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ariwo ọkọ̀ àjàgbé kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ àdúrà ara rẹ̀ láàárọ̀. Àmọ́ Ẹnjiníà ò ka Bramalea sí ibùgbé, kò sì ka Canada fúnra rẹ̀ sí i. Lójú tirẹ̀, ńṣe ló kàn yà nílé epo kó tó máa bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún ń gorí ọdún, kò tíì ra epo náà tán.

"Nígbà tí mo wà ní Ohio." Ọ̀rọ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí yìnyín bá bọ́, á ní yìnyín Ohio mọ́ jù báyìí lọ. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, á ní ní Ohio, abọ́ wọn ò kéré báyìí. Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ti sọ fún un lójú àlejò rí pé, "Bàbá Ṣìmí, ọdún méjì péré lẹ lò ní Ohio. Ẹ jẹ́ kí ìlú onílùú sinmi."

Báwo ló ṣe dé Ohio? Ìbàdàn ló wà, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbi tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ni ìjọba Amẹ́ríkà bá ní kí irú wọn wá kọ́ bí a ṣe ń la ọ̀nà tí òjò kan ò ní wọ́ lọ. Físà onípàṣípààrọ̀ ni wọ́n fún un: ẹ wá kọ́ ọ, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé. Wọ́n sanwó ilé rẹ̀, wọ́n sanwó oúnjẹ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè. Wọ́n ní bó bá kọ́ ọ tán, kó padà sí Nàìjíríà, kó gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì, kó fi ohun tó kọ́ tún ìlú rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá wù ú láti wá fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, kó wá béèrè. Lékè fọwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

Nígbà tó kọ́ ọ tán, ó dìde, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì kọrí sí Canada.

Àwọn ọ̀nà Ìbàdàn náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kòtò wọn, ẹnikẹ́ni ò gbé wọn sá. Ẹnjiníà wa wá wà ní Woodbridge, nínú ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ọkọ̀ àjàgbé kan, tó ń sọ fún àwọn awakọ̀ ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Ọ̀nà tí ẹlòmíràn là! Ẹ má bínú sí mi o, mi ò kórìíra ọkùnrin náà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ.

Ohun kan tó kó bọ̀ láti Ohio ni Ṣìmí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ibẹ̀ ni Àbíkẹ́ bí i sí, nítorí náà ọmọ Amẹ́ríkà ni. Bí Ẹnjiníà bá fẹ́ fi í han èèyàn, kì í sọ pé Ṣìmí lorúkọ rẹ̀, á ní, "Èyí lọmọ Amẹ́ríkà tá a ní nílé." Ọmọ náà ti ń di ọ̀dọ́, ó ga, ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ níbi ìdíje, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Òyìnbó ló fi ń dáhùn. Bàbá rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́, ó ti jágbe mọ́ ọn, ó ti ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún un pé kó ṣáà fi Yorùbá bá òun sọ gbólóhùn kan péré. Ọmọ ò wí, kò fọ̀.

Níbi tí wọ́n wà nìyẹn tí iléeṣẹ́ ńlá kan ní Houston fi ránṣẹ́ sí Lékè pé kó wá ṣe olórí àwọn tó ń yàwòrán ọ̀nà fún wọn, pé àwọn á bá a gba ìwé ìgbélùú pátápátá. Háà! Ẹnjiníà fò sókè, ó forí sọ gílóòbù tó so mọ́ àjà ilé ìdáná. Ó pe Àbíkẹ́ sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kó má sọ fún Ṣìmí pàápàá, nítorí ẹnu ọmọdé ò ní líìdì, ayé ò sì gbọdọ̀ gbọ́ kí ọwọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́.

Àbíkẹ́ gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ kú oríire. Èmi ò lọ o."

"O ò lọ báwo?"

"Mo bẹ̀rẹ̀ ayé ní Ohio, mo tún un bẹ̀rẹ̀ níbí. Ìdánwò nọ́ọ̀sì tí mo tún jókòó ṣe níbí, mi ò ṣe òmíràn mọ́. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ máa lọ. Ẹ fi èmi àtọmọ mi sílẹ̀."

"Ṣebí mo máa kọ́kọ́ lọ tún ibẹ̀ ṣe ni, ẹ̀yin á wá bá mi."

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ."

Lékè rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, pé bó bá rí ilé ńlá nínú fọ́tò, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ó lọ wá agbẹjọ́rò. Lọ́yà Péjú, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìrìnnà ní Houston, ló bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Lọ́yà wo àwọn ìwé rẹ̀, ó gbójú sókè.

"Sà, ẹ ò tíì ṣe ọdún méjì yín o."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Ọdún méjì kẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Amẹ́ríkà! Mo ti ṣe é kọjá."

"Níbo lẹ ti ṣe é?"

"Canada níbí."

"Wọn ò ní kẹ́ ẹ kàn kúrò, sà. Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ sílé."

"Mo ní páàsì Canada, Lọ́yà. Ibí ti di ilé."

"Ẹ kú oríire páàsì. Ilé tí wọ́n ń bá yín sọ ni ibi tẹ́ ẹ ti gbéra wá gbẹ̀kọ́. Nàìjíríà ni."

 Lékè wá rántí pé òun máa ń lọ sílé lọ́dún Kérésì, ṣé wọn ò lè ka ìyẹn? Lọ́yà ní wọ́n lè kà á, àmọ́ bó bá jẹ́ ti Kérésì nìkan, á parí rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́yà ní ó tún ku pé kí ìjọba Nàìjíríà kọ̀wé pé àwọn ò bínú bí kò bá wá. Wọ́n á kọ ọ́ kíákíá, ta ló ń wá a? Àmọ́ nígbà tó jẹ́ owó ìjọba Amẹ́ríkà ló fi kàwé, ìyẹn nìkan ò ní wọlé. Lọ́yà bi í bóyá ẹnì kan wà nílé tó lè ṣe é ní jàǹbá nítorí ẹ̀sìn tàbí òṣèlú.

Lékè ronú gidigidi. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò fẹ́ràn mi."

"Ìyẹn ò tó, sà."

Lọ́yà tún ní níwọ̀n bó ti jẹ́ ọmọ Canada báyìí, ó lè bá a wo ìwé iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú òfin ọdún méjì náà. Ẹnjiníà ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Òun ò ní wọ Amẹ́ríkà bí àgbàṣe. Ìwé ìgbélùú tàbí kò sí. Ẹ gbọ́ ọkùnrin tí wọ́n ń wá ọ̀nà àtiyọ fún o.

"Ó ku ọ̀nà kan," ni Lọ́yà Péjú wí. "Ọmọ Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ bí. Bẹ́ ẹ bá lè fi hàn pé ìyà tó kọjá ìyà máa jẹ ọmọ yẹn tó bá bá yín lọ sí Nàìjíríà, àti pé ìyà kan náà máa jẹ ẹ́ tó bá dúró tí kò rí yín fún ọdún méjì, wọ́n lè yọ̀ǹda òfin náà fún yín."

Ojú Ẹnjiníà là bí ojú ẹni tó rí oúnjẹ. "Ṣé ìyẹn náà nìyẹn? Ó ti parí! Ọmọ mi ò lè wà láìsí mi."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí tíṣà rẹ̀ kọ ọ́, kí kóòṣì eré ìdárayá rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ kó fọ́tò yín pọ̀. Ìdílé yín lápapọ̀ lẹ ń kó wá sí Houston, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Lékè wí. Kò tilẹ̀ mí sí i.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nígbà tó kan iṣẹ́, Ẹnjiníà lọ bá Àbíkẹ́ ní ilé ìdáná.

"Kí lorúkọ tíṣà Ṣìmí?"

Àbíkẹ́ ń bu iyọ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kíláàsì wo ló wà gan-an?" ni Lékè tún bi í.

Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ sì má rò pé omi ẹ̀rín nìkan ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Ẹni tó ń gbé Ṣìmí kiri ni Mojeed, ọkùnrin ará Ìwó kan tó háyà yàrá abẹ́ ilé wọn, tó ń wa ẹ̀rọ akẹ́rù ní ilé ìkẹ́rùsí. Ọmọ tirẹ̀, Rayyan, àti ìyá ọmọ wà ní Ìwó, ìwé wọn ò tíì jáde. Bí kò ti rí ọmọ tirẹ̀ gbé, ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbé lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́, tó ń jókòó sórí àga onípákó, tó ń di tówẹ́lì mú. Bí Àbíkẹ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń lọ bá tíṣà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé òbí. Ẹnjiníà wà nílé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ o. Orí àga rẹ̀ ló wà, tó ń ka ìròyìn Amẹ́ríkà lórí fóònù, tó ń bá àwọn ará Texas tí kò mọ̀ rí jiyàn.

Lékè kọ̀wé sí tíṣà. Tíṣà dáhùn pé inú òun yóò dùn láti kọ̀wé nípa Uncle Mojeed, ẹni rere ni. Ní ti bàbá, àwọn ò rí wọn rí, àmọ́ àwọn gbàgbọ́ pé ara wọn le. Ti kóòṣì ló wá burú. Nígbà tí Lékè pè é, tó ní òun ni bàbá Ṣìmí, kóòṣì ní kó tún un sọ. Ó wá ní kó má bínú, inú òun dùn gan-an ni. Gbogbo wọn níbẹ̀ ti rò pé bàbá ọmọ náà ti kú, ìdí nìyẹn táwọn kì í fi bi ọmọ náà léèrè rẹ̀.

Lékè sọ fóònù sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Mojeed lábẹ́ ilé. "Mojeed! O ti gba ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Mojeed ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dìde dúró. "Ẹ má bínú, Ẹnjiníà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa gbé e lọ, kẹ́ ẹ lè ráyè wo ìròyìn."

"Má wá síbi ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ ná. Èmi ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa rí."

"Kò burú, sà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà, tiwájú máa ń tì. Ẹ má fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó wọmi, ó máa ń bì. Bó bá wà níkẹyìn, ẹ má sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí ẹ ó fi dé orí afárá. Tó bá ti kọjá afárá, á bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀."

Lékè gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò dúpẹ́. Ó pe Ṣìmí, ó sì pa irọ́ tó ju gbogbo irọ́ lọ fún ọmọ náà. Irọ́ tó ní òótọ́ nínú ni, irú rẹ̀ ló sì burú jù. Ó ní Amẹ́ríkà ní òfin kan, òfin náà fẹ́ kí òun lọ gbé ní Nàìjíríà fún ọdún méjì, òun nìkan, láìsí ẹnikẹ́ni. Àfi kí Ṣìmí ran òun lọ́wọ́, kí òun lè dúró. Kò dárúkọ Houston.

Ọmọ náà wò ó. Ó fi Òyìnbó bi í bóyá òótọ́ ni. Lékè ní òótọ́ ni. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Báyìí ni Ẹnjiníà ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bàbá. Lọ́jọ́ ìdíje àkọ́kọ́ tó lọ, ó wọ kóòtù, ó de táì, nínú ooru ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí gbogbo òbí wà pẹ̀lú sílípáàsì. Ó gun ìjókòó òkè lọ, ó gbé fóònù sókè, ó ń pariwo, "Ṣìmí! Ọmọ mi! Máa lọ! Má wẹ̀yìn!" Ó ya fídíò ìdíje náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi ránṣẹ́ sí Lọ́yà Péjú kó tó kúrò lórí ìjókòó.

Lọ́yà pè é padà. "Sà, mo rí fídíò yẹn. Ọmọ tó jáde nínú omi níparí yìí, ọkùnrin ni."

"Kí lẹ wí?"

"Ọmọ ará Ṣáínà ni, sà. Ta ni?"

Gbogbo wọn dé fìlà rọ́bà, gbogbo wọn wọ awò omi; báwo ni Lékè ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀? Mojeed ì bá mọ̀. Mojeed mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe ń ju apá òsì.

Lẹ́yìn náà ló kan fọ́tò. Lọ́yà ní fọ́tò oríṣiríṣi ìgbà ló dára. Níbo ni Ẹnjiníà yóò ti rí i? Èyí tó ní kò ju ti ìkómọ lọ. Ó bá ní kí Ṣìmí kó aṣọ bíi mélòó kan sínú báàgì, wọ́n kọrí sí páàkì. Wọ́n ya ti aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ya ti kóòtù, wọ́n ya ti aṣọ ọjọ́ ìbí pẹ̀lú bàlúùnù, gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù tí yìnyín kún ilẹ̀ dé orókún. Ẹ wo bàbá tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá kékeré àti dígí ojú oòrùn, tí eyín rẹ̀ ń ta gbàgbàgbà, tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Rẹ́rìn-ín! Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà!" Níbi tó ti ń sáré lọ wo fóònù tó gbé ka orí bẹ́ǹṣì, yìnyín yọ̀ ọ́, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì, bàlúùnù bẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ṣìmí pariwo ẹ̀rín. Ó rẹ́rìn-ín títí òun náà fi jókòó sínú yìnyín. Lékè fẹ́ bínú, ó gbójú sókè, ó rí eyín ọmọ náà, ó rí i pé eyín kan gun èkejì níwájú, gẹ́gẹ́ bíi ti ìyá tó bí òun. Kò rí i rí. Òun náà bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Wọ́n jọ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ bí wèrè méjì.

Lọ́yà Péjú ò lè lo fọ́tò kankan níbẹ̀, ẹ ò nílò kí n sọ ìyẹn fún yín. Ó bú u dáadáa, ó ní ẹ̀rí ayédèrú lè ba gbogbo nǹkan jẹ́, kó lọ máa gbé ìgbé ayé bàbá, kó máa ya ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Lékè bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọmọ lọ, ó ń gbé e bọ̀. Ó ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Kò fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Ṣìmí ṣe ìkẹyìn, Lékè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ títí dé orí afárá, ó nira fún un gan-an, àmọ́ ó ṣe é. Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe kọjá afárá ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ délé. Nígbà tí wọ́n dé gáréèjì, kò dákẹ́, Lékè ò sì pa mọ́tò.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè é lójú fèrèsé. Ó ń sáré sí i lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àbíkẹ́ ń wò, ó ń fi ẹran kún ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀. Mojeed wà lábẹ́ ilé lọ́jọ́ ìsinmi, ó ń pe Rayyan lórí fídíò, nẹ́tíwọ̀kì ń já.

Nígbà tó yá, wọ́n mú Ṣìmí lọ sọ́dọ̀ dókítà tó máa ń bá àwọn ọmọdé sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Dókítà náà kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, Lọ́yà sì kà á fún Lékè lórí fóònù. Ṣìmí ní tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ amúlémóoru tó wà lábẹ́ ilé ni dádì òun rí: àwọn ń gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn kì í rí i. Ní báyìí, òun ti ní dádì. Bí wọ́n bá wá mú un lọ báyìí, ó sàn kó jẹ́ pé òun ò ní dádì rí, nítorí òun ti wá mọ bó ṣe ń rí láti ní in.

Lékè ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò ní Woodbridge. Ó yí ojú sí fèrèsé. Ó sunkún, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó sunkún tán, ó bi Lọ́yà pé, "Ṣé ìyẹn á tó?"

"Sà, ìyẹn ló máa gbé e wọlé," ni Lọ́yà wí.

Ó sì gbé e wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ìwé ìyọ̀ǹda jáde. Àbíkẹ́ ò jó, kò sì bú u. Ó kàn ní, "Bàbá Ṣìmí, ẹ sọ fọ́mọ yìí. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara yín lónìí."

"Lẹ́yìn ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì," ni Lékè wí. "Ọlọ́run la kọ́kọ́ ń fún lógo. Ọ̀rọ̀ tí a ò tíì dúpẹ́ lé lórí, ẹnu ayé lè bà á jẹ́."

Ẹ ò rí i bí? Àwa nìkan la lè ṣe irú èyí. A ó fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ inú ilé wa nítorí ayé, a ó wá gbé e fún gbogbo ayé lójú pẹpẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ẹnjiníà wọ agbádá. Ó fún Ṣìmí ní fóònù, ó ní kó jókòó síwájú, kó ya òun dáadáa, kó má jẹ́ kó gbọ̀n. Ó gba máìkì.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Wọ́n ní kí n padà sí Nàìjíríà lọ gbé ọdún méjì. Mo ní mi ò gbà!"

"Kò ní rí bẹ́ẹ̀ lórúkọ Jésù!" ni gbogbo ìjọ pariwo. Ẹ wo ìjọ ọmọ Nàìjíríà o, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run gba ẹnì kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ilé bàbá rẹ̀.

"Ọlọ́run lo ọmọ mi Ṣìmí. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn ló kọ ọ́ pé ọmọ yìí ò lè wà láìsí mi! Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí n máa bọ̀. Ará, lóṣù tó ń bọ̀, èmi ń lọ sí Houston! Ìdílé mi á ṣì wà níbí ná, kí n kọ́kọ́ lọ tún ọ̀nà ṣe."

Ìjọ hó yèè. Fídíò ìjẹ́rìí náà wà lórí fóònù Ẹnjiníà títí dòní. Ẹ ó rí agbádá, ẹ ó rí ọwọ́ tó ń jù sókè. Nígbà tó dé ibi Houston, àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kápẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ ó máa wò, àti bàtà ọmọbìnrin kan, ẹ ó sì máa gbọ́ orin.

Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n kọrí sílé. Lékè dákẹ́ títí dé orí afárá. Wọ́n kọjá afárá, Ṣìmí ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n wọlé tán ló tó bi í, ní Òyìnbó, pẹ̀lú ohùn tútù, pé ṣé ó sọ fún wọn pé òun ò lè wà láìsí rẹ̀, kí wọ́n lè jẹ́ kó fi òun sílẹ̀ lọ ni?

"Ṣìmí, kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí rẹ ni mo ṣe ń lọ. Ọjọ́ iwájú rẹ..."

Àbíkẹ́ ní, "Ẹ dákẹ́, Bàbá Ṣìmí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Ó wọ yàrá lọ.

Ìdíje kan wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣìmí gòkè lọ, ó bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìlúwẹ̀ẹ́ léjìká. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ kọjá, ó kan ilẹ̀kùn abẹ́ ilé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ mọ́tò Mojeed níta, tó ń móoru.

Lékè sáré, agbádá ń wọ́ tẹ̀lé e. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó mú fóònù, bó ti mọ́ ọn lára. "Ṣìmí, dúró! Dádì ló máa gbé ẹ lọ. Dúró, èmi ni mo máa gbé ẹ lọ!"

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ kejì, ó wò ó pẹ́. Yorùbá tí Lékè ti fi kẹ̀kẹ́ bẹ̀, tó ti fi ìbínú bẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lọ́mọdé, lọ́jọ́ yìí ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ketekete, pẹ̀lú ohùn Ìwó tó jẹ́ ti Mojeed.

"Dádì, ṣé fọ́tò ṣì kù tẹ́ ẹ fẹ́ yà ni?"